Mo Bá Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé Rìn Dé Kàbà

Ẹni tí ó bá kúrò ní Lọ́kọ́jà, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ àwọn Òkun ni ó ń lọ yẹn. Owé tí ìlú wọn ń jẹ́ Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn. “Òkun o!” ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ìkíni náà ni ó sì di orúkọ tí a fi ń pè wọ́n. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991.

Kì í ṣe fàájì ni mo bá lọ síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lórí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò, ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ. Ohun tí ó ń wádìí ni bí àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe ń ta ọjà ní àwìn. Ìwé ti pọ̀ nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa oyè yìí fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ń lépa rẹ̀. Kò dà bí oyè tí ó ṣáájú rẹ̀. Níbi oyè kìíní, olùkọ́ ni ó ń béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń dáhùn. Níbi oyè ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì dáhùn. Òun ni yóò wá ìdáhùn rẹ̀ kiri, tí yóò kọ ọ́ di ìwé, tí yóò sì dúró níwájú àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé láti gbèjà rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà yóò ti yunifásítì mìíràn wá, kí ojúsàájú má bàa wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni ó sábà máa ń kéré mọ fún ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ lọ kàwé a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, ọjọ́ orí ń lọ, àwọn ará ilé a sì máa béèrè pé, “Ìwé wo ni kì í tán yìí?”

Òwò ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n oyè yìí kò pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ òwò. Ọdún 1920 ni Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kọ́ ìṣòwò kọ́ni dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí Yunifásítì Èkó ṣí ní 1962, ẹ̀kọ́ ìṣòwò wà lára àwọn ẹ̀ka tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní yunifásítì tí kò ní oyè yìí, kò lè gòkè títí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń du ú. Àwọn mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé kí a ṣáà máa pè wọ́n ní “Dókítà” níbi ìnáwó ni wọ́n ń wá.

Ọ̀nà Obajana ni a gbà. Ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ ni Obajana wà, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá ti Dangote wà pẹ̀lú. Ọkọ̀ ńláńlá tò lọ bí ìjàlọ. Láti ibẹ̀ dé Kàbà, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà náà, nǹkan bíi kìlómítà 43, kì í ṣe ọ̀dà. Bí a ti ń kọjá, ọmọ náà mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ká ní irú ilé iṣẹ́ yìí ni mo mú, n bá ti parí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìṣirò owó wọn jáde. Báńkì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi mú. Èèyàn á jókòó sí yàrá rẹ̀, á máa ṣe ìṣirò, á sì parí.”

Mo bi í pé, “Kí ló dé tí o kò mú un?”

Ó ní, “Ìyá mi ni ó ta gàrí tí ó fi rán mi nílé ìwé. N kò rí òwò rẹ̀ nínú ìwé kankan.”

Òkè ni ó yí Kàbà ká. Ọbaro ni ọba wọn, Ọbadofin àti Ọbajẹmu sì ni àwọn ìjòyè ńlá tí ó tẹ̀ lé e. Ìlú tí ó ti rí nǹkan ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí Goldie kó wá, gba Kàbà kọjá kí wọ́n tó lọ bá Bídá jà, nítorí pé àwọn Núpé ti ń kó àwọn ará ilẹ̀ yìí lẹ́rú fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kíyè sí i, kọ́ńpìnnì oníṣòwò ni Royal Niger Company. Òun ni ó ń ṣe ìjọba agbègbè odò Ọya títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọdún 1900 wọlé. Ilẹ̀ tí oníṣòwò ti kó ọmọ ogun gbà kọjá rí, ta ni yóò sọ pé ẹ̀kọ́ òwò kò kàn án? Ní ọdún 2023, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nínú ìlú náà di yunifásítì ìpínlẹ̀. Kàbà ti di ìlú yunifásítì báyìí.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ ọjà. Iṣu, gàrí, epo pupa, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ náà fa ìwé ìbéèrè rẹ̀ yọ. Ọgọ́ta ìbéèrè ni ó wà nínú ìwé kan, àpótí márùn-ún sì wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: mo gbà gan-an, mo gbà, n kò mọ̀, n kò gbà, n kò gbà rárá. Bí àwọn obìnrin náà ti rí ìwé, ojú wọn yí padà. Ọ̀kan ní, “Ṣé ìjọba ló rán yín? Ṣé owó orí tuntun nìyí?” Òmíràn da aṣọ bo igbá rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí ó ń ta gàrí ni ó ṣàánú wa. Ọmọ náà ka ìbéèrè kan fún un: “Àwìn títà ń dín èrè mi kù.” Ó ní kí ìyá mú ọ̀kan nínú ìdáhùn márùn-ún.

Ìyá wò ó títí. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ni mo ta àwìn náà fún?”

Ọmọ náà dákẹ́. Kò sí àpótí fún ìyẹn. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ìwé mẹ́ta péré ni ó rí gbà nínú ogún, ẹnì kan sì fa ìlà sí àpótí kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ní alẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí yóò bá a kọ ọ̀rọ̀ sí igba ìwé ní òru kan, owó díẹ̀ ni wọn yóò gbà. Olùkọ́ rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìbéèrè náà. Bí ó bá gbà, ó lè parí lọ́dún yìí. Ẹ̀yin ará, mo mọ ohun tí ọdún kan jẹ́ fún ọmọkùnrin tí ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. N kò bú u. Mo ní kí ó jókòó kí n sọ ìtàn fún un.

Mo ní, “Ṣé o mọ William Bascom? Ará Amẹ́ríkà ni. Ó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1937, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1939. Ní 1952 ó tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èsúsú, bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń dá owó jọ tí wọ́n sì ń kó o ní ẹsẹẹsẹ. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ètò owó ń tọ́ka sí i. Kò sí àpótí márùn-ún nínú rẹ̀.

“Bùnú kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Ní àwọn ọdún 1980, obìnrin Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Elisha Renne wá gbé àárín wọn fún ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Aṣọ ni ó ń wádìí: aṣọ funfun tí obìnrin ń hun, aṣọ ìpò pupa tí wọ́n fi ń ṣe òkú àwọn olóyè. Aṣọ híhun ti ń tán lọ láàárín wọn nígbà tí ó dé. Ìwé rẹ̀, Cloth That Does Not Die, jáde ní 1995. Ọmọ Bùnú tí kò bá ìyá rẹ̀ àgbà láyé mọ́, ó ṣì lè ka bí aṣọ náà ṣe rí. Ká ní ó fi owó bẹ ọmọdé kí wọ́n kọ ọ́ ní òru kan ńkọ́?

“Bí o bá sì ń wá ọmọ ilé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eyitayo Lambo ń bẹ. Ọmọ ilẹ̀ Òkun ni. Yunifásítì Ìlọrin ni ó wà ní 1983 nígbà tí ó tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ilé ìwòsàn ìgbèríko kan. Irú ìṣirò tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣètò iṣẹ́ wọn ni ó gbé lọ síbi tí àwọn aláìsàn ń tò sí. Nígbà tí ó di 2003, òun ni mínísítà ètò ìlera, títí di 2007.”

Ọmọ náà kò fèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi ìwé ìbéèrè náà sílẹ̀ nínú yàrá.

Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni a padà sí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i, “Òkun o, ìyá,” ó sì bá a rán ẹnu àpò gàrí. Ó lé ní wákàtí kan kí ó tó béèrè ohunkóhun. Nígbà tí ó yá, ó ní, “Ìyá, ta ni ẹ máa ń ta àwìn fún?”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó sọ nípa oníbàárà kan tí ó ń wá láti Lọ́kọ́jà. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà. Ó ti di ọdún mẹ́fà. Ó ń san díẹ̀díẹ̀, ó sì ń jẹ òmíràn lé e. Kò tán rí.

Ọmọ náà ní, “Ẹ kò fi lọ́ba?”

Ìyá ní, “Kí n fi í lọ́ba kẹ̀? Bí gàrí bá pọ̀ tí kò sí ẹni tí ń rà, tèmi ni yóò kọ́kọ́ rà, torí ó jẹ mí. Bí gàrí bá wọ́n, òun ni mo ń kọ́kọ́ fún, torí kí ó lè rí owó mi san. Bí ó bá san án tán lónìí, a di àlejò ara wa. Ọ̀la ni yóò yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn.”

Mo rí i tí ọwọ́ ọmọ náà dúró lórí abẹ́rẹ́. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, ó ní, “Bàbá, orí kẹrin ìwé mi dàrú. Gbogbo irú gbèsè yẹn ni mo kọ sílẹ̀ bí àdánù. Owó tí ó so ọjà wọn pọ̀ ni mo ń pè ní owó tí ó sọnù.”

Ọdún mẹ́rin ni ó fi ń ṣírò nǹkan náà ní òdìkejì. Ó tẹ olùkọ́ rẹ̀ láago lójú mi. Ìyẹn gbọ́ ọ tán, ó ní ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n orí méjì ni yóò tún kọ, yóò sì tún san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kan. Mo mọ ohun tí ń bẹ ní àpò ọmọ náà. Ó ní, “Mo gbà, sà.”

A padà lọ dágbére fún ìyá. Ọmọ náà sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ inú ìwé ńlá ní yunifásítì, pé òun kò ní dárúkọ rẹ̀ àti ti oníbàárà rẹ̀. Ìyá wọn gàrí kóńgò méjì fún wa, ó kọ owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, “Nígbà tí o bá kọ ọ́ tán, ta ni yóò kà á fún mi?”

Ọmọ náà ní òun ni. Ó ní òun yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, òun yóò sì wá jókòó sí ìsọ̀ yìí.

Ìyá ní, “Ó dáa. Gàrí yẹn, àwìn ni o.”