Kottakkal, Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Fi Òróró Wo Ẹsẹ̀ Ríro

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ ṣe rúkúù kí ẹ sì dìde ní ìrọ̀rùn, ìlú kan ni mo fẹ́ kí a jọ dé lónìí. Kottakkal ni orúkọ rẹ̀, ó wà ní ìpínlẹ̀ Kerala ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà. Bí ènìyàn bá wọ mọ́tò láti Calicut tí ó wà létí òkun, ìrìn náà tó nǹkan bíi kìlómítà 50.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì sí Mùsùlùmí. Láti ayébáyé ni àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ti ń tukọ̀ lọ síbẹ̀ ra ata, Ibn Battuta arìnrìn-àjò náà sì dé Calicut ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé ní àgbègbè Malappuram, tí Kottakkal wà nínú rẹ̀, bí a bá rí ènìyàn 10, bíi 7 nínú wọn ni Mùsùlùmí. Wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Malayalam, èdè wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn àlùfáà wa àtijọ́ ti ń fi í kọ Yorùbá.

Ní ọdún 1902 ni P. S. Varier, ẹlẹ́sìn Híńdù, dá ilé ìṣègùn Arya Vaidya Sala sílẹ̀ níbẹ̀. Ìṣègùn àbáláyé ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Ayurveda ni wọ́n ń ṣe. Ní ọdún 1924 ó tún dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn tálákà. Kí ó tó kú ní ọdún 1944, ó ti kọ ìwé ogún tí ó sọ gbogbo rẹ̀ di ti àánú, bí ẹni pé ó fi í ṣe wákáfì.

Àìsàn kan wà tí ìrora rẹ̀ ń ti ìdí sọ̀kalẹ̀ gba itan àti ojúgun títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn oníṣègùn náà ń pè é ní gridhrasi, láti ara orúkọ igún, nítorí pé ẹni tí ó mú a máa rìn bí igún. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú ara ni ó dàrú. Àwọn dókítà òyìnbó ní tiwọn sọ pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun rírọ̀ tí ó wà láàrin eegun ẹ̀yìn ni ó yọ tí ó sì tẹ iṣan ńlá tí ó lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ó ń ké.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Wọn a fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà pípò mọ odi róbótó sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn aláìsàn, wọn a sì da òróró gbígbóná wọ́ọ́wọ́ sínú rẹ̀. Òróró yànmọ̀tí tí a fi ewé àti egbò sè ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n tún ń se ìrẹsì kan tí ń jẹ́ njavara nínú wàrà àti omi egbò, wọn a dì í sínú aṣọ, wọn a sì máa fi rọ́ ara. Obìnrin ni ó ń tọ́jú obìnrin, ọkùnrin ni ó ń tọ́jú ọkùnrin. Ìtọ́jú náà lè gba ọjọ́ 14 tàbí 21. Ìgbóná àti ọwọ́ a máa dẹ ẹran ara tí ó ti le, ìrora a sì fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ irú ìrora yìí náà a sì máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Oníṣègùn Kottakkal a kọ́kọ́ béèrè, a fọwọ́ kàn án, a wo ìrìn aláìsàn, kí ó tó mú òróró. Ẹni tí ó bá ra àgúnmu Íńdíà nínú ìgò lọ́jà kò rí ìbéèrè yẹn gbà. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí yẹ irú oògùn bẹ́ẹ̀ 70 wò tí wọ́n rà ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí májèlé bí òjé tàbí mákúrì nínú 14.

Bí ó bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ni ó ń jó bí iná, tàbí tí ó ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà lè wà nídìí rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó má sì ti ẹsẹ̀ bọ omi tàbí òróró gbígbóná, nítorí ẹsẹ̀ tí kò mọ nǹkan lára mọ́ lè bó kí olówó rẹ̀ má mọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń rọ, tí ojú ara kú, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa Mùsùlùmí. Àwọn oògùn Ayurveda tí orúkọ wọn parí sí arishtam tàbí asavam, rírú ni wọ́n ń rú wọn, ọtí a sì máa wà nínú wọn. Ẹ béèrè kí ẹ tó mu. Àgbo sísè lásán tí wọ́n ń pè ní kashayam wà, oníṣègùn lè fi rọ́pò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fi ìrora pa ara yín lórí ìrun. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ti yọ̀ǹda pé kí ẹni tí kò lè dúró jókòó kírun, kí ẹni tí kò lè jókòó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ wá ìdí ìrora náà, ẹ wá ìwòsàn rẹ̀, kí ẹ sì máa tọrọ lọ́wọ́ Ọba tí ń woni sàn. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà ẹsẹ̀ tí a ó fi máa rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àmín.