Ìfófòó Orí Omi Ẹja Mi

Èsúsú ni mo kó tí mo fi ra ọmọ ẹja àrọ̀ 200 sínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé mi ní Epinmi. Mo rò pé àpọ̀jù oúnjẹ ni yóò tètè mú wọn tóbi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìfófòó bo ojú omi, ẹja 31 sì ti kú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣì ń dá èsúsú náà!

Mo gbọ́ pé àwọn tí ń sin ẹja òkun nínú ilé ní ẹ̀rọ kan tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, tí ìfófòó yóò fi gbé ìdọ̀tí jáde. Mo múra láti yáwó rà á. Àgbà olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ló dá mi lẹ́kun:

“Tísà, iyọ̀ òkun ló ń mú kí ìfófòó ibẹ̀ kúnná tí ó fi lè gbé ìdọ̀tí. Omi kànga rẹ kò ní iyọ̀ bẹ́ẹ̀. Dín oúnjẹ kù, kí o sì máa pààrọ̀ omi.”

Nísinsìnyí, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán lójú mi ni mo ń fún wọn. Omi mọ́, ikú sì dáwọ́ dúró. Àṣejù, baba àṣetẹ́.