Owó Ẹ̀rọ Yàtọ̀ sí Owó Ìtọ́jú Ẹ̀rọ

Ìpè ìrànwọ́ láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ nílé ní Nàìjíríà ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa, a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ẹ̀rọ tí a máa rà àti aṣọ tí a máa wọ̀ lọ́jọ́ ìkówójọ. Inú mi dùn pé a tètè dìde, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sùn lé. Àjọ WHO sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju 80 lọ nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́, wọn kò tó 30. Àìsàn kan náà ni o. Jẹjẹrẹ Burkitt, tó máa ń wú ọmọ wa ní àgbọ̀n, ti ní oògùn tó ń kápá rẹ̀ láti bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ọdún kejì lẹ́yìn tí a bá ra ẹ̀rọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé nínú 100 ẹ̀rọ ìṣègùn ní àwọn ilẹ̀ tálákà, bíi 40 ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n díríìpù. Àwọn kan nínú oògùn jẹjẹrẹ (kẹ́mò) gbọ́dọ̀ wọra lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, nígbà míì fún odindi ọjọ́ kan. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì á dúró ti ibùsùn, aago lọ́wọ́, á máa ka ẹ̀kán omi, nígbà tí ọmọ mìíràn ń ké pè é lápá kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kì í gba rọ́bà díríìpù mìíràn àfi tirẹ̀. Ọjọ́ tí rọ́bà bá tán tàbí tí bátìrì bá kú, ó parí. Èyí tí a bá rà ní Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti iná 120 volt, bẹ́ẹ̀ iná Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Iná ọ̀hún gan-an ńkọ́? Láti ìparí 2024 wọ 2025, ó ju 100 ọjọ́ lọ tí UCH Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, fi wà láìní iná ìjọba nítorí gbèsè.

Síbẹ̀, ta ló fẹ́ dáwó rọ́bà? Orúkọ lára ògiri là ń wá, àti fọ́tò níwájú ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. Ó ń bí mi nínú. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ọ̀fà dá Ọ̀fà Grammar School sílẹ̀ ní 1943, wọ́n mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ á gba owó olùkọ́ lóṣooṣù.

Àwọn kan á ní owó tí a kò bá fi ra ohun tó ṣeé rí, wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí owó gba ọwọ́ ọ̀gá kankan kọjá: a lè san án tààrà fún oníṣòwò tó ń ta rọ́bà, kí ẹnjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sì gba tirẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì àgbà bá ti buwọ́ lù ú pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà ni àwa fúnra wa. Aṣọ ẹbí àti orúkọ yẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ tú àpò. Bí a bá mú wọn kúrò, owó lè má wọlé rárá. Bóyá ká kúkú gbà kí orúkọ wà lára ògiri, kó jẹ́ ti ẹni tó bá san owó bátìrì àti rọ́bà fún ọdún márùn-ún gbáko. N kò mọ iye àwa tó máa forúkọ sílẹ̀.