Àgádágodo Ẹnu Ilẹ̀kùn

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tí ó wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, Àríwá Rẹ́mọ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìsarà, ni ó kéré jù ní iye ènìyàn. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní oṣù kẹta ọdún 2006, wọ́n ka 253,412 ní Ṣàgámù, wọ́n ka 118,735 ní Ìkẹ́nnẹ́, ṣùgbọ́n 59,911 péré ni wọ́n rí kà ní Àríwá Rẹ́mọ. Ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé ìlú tí kò já mọ́ nǹkan ni Ìsarà, Òde-Rẹ́mọ àti Ìpara.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrù tí ó bá ti Èkó gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú a máa gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ìlú kéékèèké 13 parapọ̀ di Ṣàgámù ní 1872 nítorí ogun, Ìsarà dúró sí àyè tirẹ̀. Ibẹ̀ ni Samuel Akínsànyà, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Nigerian Youth Movement, ti gorí ìtẹ́ Ọdẹmọ ní 1941. Ibẹ̀ náà ni ìlú bàbá Wọlé Ṣóyínká, orúkọ ìlú náà ni ó sì fi sọ ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1989.

Níbo wá ni àwọn ènìyàn wà? Nígbà tí a lọ sin ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa níbẹ̀, mo rìn yí àdúgbò ká, mo ń wo ilẹ̀kùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà, ilé ilẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àgádágodo ni ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn púpọ̀ nínú wọn. Èkó àti Ìbàdàn ni àwọn onílé ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì tí a sìnkú, ọkọ̀ kún títì bámúbámú. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn arúgbó àti ewúrẹ́ wọn ni ó kù.

Mo bi bàbá kan pé, "Bàbá, ẹ̀yin mélòó ni ẹ kù ládùúgbò yìí?" Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé wọ́n kà ọ́ mọ́ wa?"

Mo dákẹ́. Ìlú tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ti kà mí ní 2006, nítorí pé ibi tí wọ́n bá bá ènìyàn ni wọ́n ti ń kà á. Ní ti Yorùbá, ibi tí ilé bàbá ẹni wà ni ìlú ẹni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú tí a ń jẹ́ kò lè ná ọjà Ìsarà, kò sì lè kọ́ ọmọ ní ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ tèmi kò gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èmi náà ní ilé kékeré kan níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò mi bí mo ti ń kọ èyí. Nítorí náà, n kò lè bá àwọn tí ó ka ènìyàn jà. Èmi wà lára àwọn tí ó dín iye náà kù.