Sítáàṣì Inú Bàsíà, Sítáàṣì Inú Ìwé

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní SS1 ní Ọ̀kà-Àkókó pè mí lórí fóònù. Bó ṣe kí mi tán ló bi mí pé, "Ańkù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé sítáàṣì tí màmá àgbà fi ń mú kí kọ́là wa le náà ni tíṣà ń pè ní starch nínú báyọ́lọ́jì?" Mo ní òun náà ni. Ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Èmi ni mi ò rí ọ̀rọ̀ náà gbé sílẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ti Ọ̀kà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìkàrẹ́, ìbéèrè yìí kò wá sí mi lọ́kàn rí. Bẹ́ẹ̀, mo mọ sítáàṣì méjèèjì. Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi á bó gbágùúdá, á rin ín, á pò ó mọ́ omi, á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, á sì gbé e kalẹ̀ kó tòrò. Bó bá tòrò, á rọra da omi ojú rẹ̀ nù. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ bàsíà á funfun báláú, bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á máa dún. Omi tó ń hó ni wọ́n máa ń dà lé e, wọ́n á rò ó títí á fi ki, tí á sì máa dán. Wọ́n ní omi tútù kò lè mú un. A ó ri yúnífọ́ọ̀mù bọ inú rẹ̀, a ó sá a, a ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kọ́là á dúró ṣánṣán.

Sítáàṣì kejì wà nínú Ramalingam, ìwé báyọ́lọ́jì wa. Orúkọ ẹni tó kọ ìwé la fi ń pe ìwé nígbà náà, bí a ṣe ń pe ìwé kẹ́mísírì ní Ababio, láì rò ó pé ọmọ Gánà kan ló ń jẹ́ Osei Yaw Ababio. Ní láàbù, tíṣà wa gé iṣu kékeré kan, ó kán áyódíìnì sí i. Áyódíìnì tó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì di dúdú bí aró lójú wa. A kọ ọ́ sínú nóòtù, a sì lọ. Ọmọ Ọ̀kà ni mí, ìlú tí a kì í fi iyán ṣeré, síbẹ̀ iṣu orí tábìlì yẹn dà bí iṣu àjèjì lójú mi.

Ibi tí áyódíìnì ti wá pàápàá máa ń wù mí í sọ. Ní 1811, ará Faransé kan, Bernard Courtois, ń wá èròjà ẹ̀tù ìbọn nínú eérú ewéko òkun. Ásíìdì tó dà sínú omi eérú náà pọ̀ jù, ni èéfín aláwọ̀ àlùkò bá rú jáde, nígbà tó sì kan ohun tútù, ó di hóró dúdú tó ń dán. Eérú mà ni! Àwọn ìyá wa nílẹ̀ kòkó náà ń sun èèpo kòkó, wọ́n ń sẹ́ eérú rẹ̀, wọ́n ń fi omi rẹ̀ se ọṣẹ dúdú. Inú sítáàṣì, ẹ̀wẹ̀, okùn tín-ín-tìn-ín wà níbẹ̀ tó lọ́ bí ìtàkùn. Bí áyódíìnì bá wọ àárín rẹ̀, àwọ̀ aró á yọ. Omi híhó ló sì ń mú kí hóró sítáàṣì wú kó sì bẹ́. Màmá mi kò purọ́ nípa omi tútù.

Ǹ bá ti ka gbogbo èyí nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ilé ìkàwé: kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan, tíṣà kan ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. A máa ń dúró síta gíláàsì, a ó máa ka ẹ̀yìn ìwé. Mo ṣì rántí àkọlé wọn títí dòní.

Ó pẹ́ tí mo ti ń di ẹ̀bi ru èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ wa, pé òun ló ya ohun tí à ń kọ́ níléèwé nípa sí ohun tí a mọ̀ nílé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà bẹ́ẹ̀ gbọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu màmá mi àti lẹ́nu tíṣà, sítáàṣì ni àwọn méjèèjì ń pè é, etí mi kò sì so wọ́n pọ̀. Bóyá bàsíà ni ó yẹ kó wọ láàbù. Bóyá kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé ló yẹ kó wà lọ́wọ́ wa.

Mo pe ọmọ náà padà láti béèrè ẹni tó là á lóye. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni. Áyódíìnì láàbù ló kù sí i níka, ó wá ń bá màmá àgbà ṣan bàsíà, ni ìka rẹ̀ bá di dúdú bí aró. Màmá bi í pé kí ló dé, kò rí èsì fọ̀, ló fi pè mí. Mo ti gbàgbé láti bi í bóyá ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ilé ìkàwé.