Àtìpó láti Gánà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín àlejò àti àtìpó. Àlejò ni ẹni tí a gbé omi tútù fún nígbà tí ó wọlé, tí a sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ padà síbi tí ó ti wá. Àtìpó ni ẹni tí ó wá ń gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́, tí ó ń sanwó ilé, tí ó ń ná ọjà kan náà pẹ̀lú onílé, síbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ tí ó lè pè ní ti baba rẹ̀ níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, láàárín ọdún 1979 sí 1983, àwọn olùkọ́ tí wọ́n wá láti Gánà, àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ń pè ní tíṣà Gánà, ni orúkọ àtìpó bá mu jù lọ.

Ohun tí ó gbé wọn dé kò fara sin. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, lábẹ́ Gómìnà Michael Adékúnlé Ajáṣin, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ọmọ ya wọ ilé ẹ̀kọ́ girama débi pé olùkọ́ kò kárí, bẹ́ẹ̀ ni owó Gánà ti di yẹpẹrẹ nígbà náà, tí owó epo rọ̀bì sì jẹ́ kí náírà lágbára. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979, pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà, tún la ọ̀nà fún wọn.

Inú ọjà ni ẹ̀kọ́ ti àwọn olùkọ́ náà fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ "ilé" àti "iṣu" lẹ́nu ará Èkó yóò bá "ulé" àti "usu" pàdé ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, nítorí pé ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó gba fáwẹ̀lì "u" láàyè níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí tí Yorùbá àjùmọ̀lò kì í gbà; òun náà ni a ń gbọ́ nínú orúkọ Uléfúnta, àjọ̀dún Déjì, ọba Àkúrẹ́. Kí ó tó mọ iye owó iṣu, ó ní láti mọ ẹ kú ọjà, ẹ kú ìjókòó àti ẹ kú iṣẹ́, torí pé ẹni tí ó bá kọjá lára ìyá tí ń dín àkàrà láìkí i, a kì í sọ pé kò gbọ́ èdè, ohun tí a ń sọ ni pé wọn kò kọ́ ọ nílé. Èyí kò ṣe àjèjì sí ọmọ Akan láti Gánà, tí a tọ́ dàgbà pẹ̀lú ìkíni bí a ti tọ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó yàtọ̀.

Ibi ìdáná ni ìyàtọ̀ ti hàn kedere. Fùfú tí Yorùbá mọ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tí ó kan, ṣùgbọ́n fùfú Gánà jẹ́ ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a sè, tí a sì gún pọ̀. Ní Oǹdó, ẹni méjì tàbí mẹ́ta lè dúró yí odó iyán ká, kí ọmọ odó wọn máa tẹ̀lé ara wọn. Lọ́dọ̀ ará Gánà, ẹnì kan a dúró gún un, ẹnì kejì a jókòó ti odó, a máa fi ọwọ́ tí ó ti tì bọ omi yí fùfú náà padà, ọwọ́ yẹn a sì ti jáde kí ọmọ odó tó tún balẹ̀. Nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mi-àfẹ́ẹ̀sì-yú, èyíinì ni ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ dojú kọ ara wọn, kò sí ẹni tí yóò rí èyí tí kò ní dúró wò ó, ibẹ̀ sì ni iyọ̀ yíyá àti kẹrosíìnì yíyá ti ń di ojúlùmọ̀. Àwọn ọmọ ilé a tún wá mọ̀ pé Kofi kì í ṣe orúkọ tí a ṣàdédé sọ ọmọ, pé ọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì ni ó ń jẹ́ ẹ, bí ẹni tí a bí sójú ọ̀nà ti ń jẹ́ Abíọ́nà.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, nígbà tí owó epo ti já wálẹ̀, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dunni púpọ̀, pàápàá nítorí pé ní ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà ti ṣe irú rẹ̀ sí àwọn Yorùbá tí ń ṣòwò níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n sì fún wọn. Àṣẹ náà kò le mọ́ olùkọ́ bí ó ti le mọ́ bíríkìlà, télọ̀ àti ìyá olóúnjẹ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí tíṣà máa kọ́ ọmọ ní kíláàsì nígbà tí ìbátan rẹ̀ ń di ẹrù. Báàgì onílà pupa àti búlúù tí wọ́n fi di ẹrù náà ni a ń pè ní gánà-mọ́ọ̀sì-gò títí di òní, orúkọ tí ó rántí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi lọ, tí ó sì gbàgbé gbogbo ọdún tí wọ́n fi gbé. Aṣọ àti abọ́ wọ inú báàgì yẹn, ṣùgbọ́n odó kò wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹni tí kò rí ọkọ̀ gbé tirẹ̀ fi í sí, fún aládùúgbò tí yóò máa gún iyán nínú rẹ̀.