Èmi Ni Wọ́n Rán Lọ Ra Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ilé-ìwé wa dá owó kọ̀ǹpútà jọ. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ẹ bá wa rà á.” Àwọn ìyá tí ń ta ata àti èlùbọ́ wà nínú àwọn tó dá owó náà. Mo lọ, mo wo ara àwọn tòkunbọ̀ kan, wọ́n ń dán. Mo tàn wọ́n, wọ́n tàn. Mẹ́wàá ni mo kó bọ̀, ₦90,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo èèyàn sì yìn mí.

Ẹ̀yin ará, mi ò béèrè iye ọdún tó kù fún wọn. Windows 10 ló wà nínú wọn. Ọdún 2015 ni Microsoft gbé e jáde, wọ́n sì ti kéde tipẹ́tipẹ́ pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i déédéé yóò parí. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ tí kò gbó tó tiwa. Bí mo ṣe ń ná ọjà lọ́wọ́, nǹkan bí ọdún méjì péré ló kù!

Ẹnì kan lè ní, ṣebí wọ́n ṣì ń tàn? Wọ́n ń tàn. Ṣùgbọ́n lóṣù kárùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry ti fáìlì mọ́ àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Àtúnṣe tó lè dí ọ̀nà rẹ̀ ti jáde ní oṣù méjì ṣáájú. Àwọn ẹ̀rọ tí kò gbà á ló wọlé sí. Máàkì àwọn ọmọ wa sì wà nínú tiwa. A yọ wọ́n kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a sì da máàkì kọ sínú ìwé ńlá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Nísinsìnyí mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ orúkọ ẹ̀rọ sí, àti ọjọ́ tí ẹni tó ṣe é yóò jáwọ́ nínú rẹ̀. Mo ń pín owó sí iye ọdún tó kù. ₦90,000 fún ọdún méjì, ₦45,000 lọ́dún nìyẹn. Èyí tí mo kọ̀ nítorí pé ₦180,000 ni, tó sì lè gba Windows 11, bí a bá lò ó fún ọdún mẹ́fà péré, ₦30,000 ni lọ́dún. Mo tún ń béèrè ẹni tó lè tún un ṣe nílùú yìí.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn òbí. Ìyá aláta kan dìde, ó ní, “Tíṣà, èyí tí ẹ tún fẹ́ rà yìí ńkọ́, ọjọ́ wo ni tirẹ̀?” Mo ṣí ìwé mi, mo kà á fún wọn.